Ibi Tí Dùùrù Ti Ń Wọlé

Ẹ má retí pé n óò ròyìn ọkọ̀ òfuurufú fún yín, tàbí bí físà ṣe jáde, tàbí bí mo ṣe sunkún ní pápákọ̀. Ìyẹn pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ti lọ tí wọ́n ti bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀rọ̀ bàbá mi àti dùùrù kan lọ, kò sì dùn dópin. Mo ti sọ ọ́ báyìí o, kẹ́nikẹ́ni má wá bínú sí mi níkẹyìn.

Sabon Gari ní Zaria ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ rélùwéè. Àwọn Hausa aládùúgbò wa ń pè é ní Baba Mai Fiyano, ìyẹn Bàbá Onídùùrù, nítorí òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ ni. Bí ọwọ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lókè, ẹsẹ̀ méjèèjì á máa fún un ní afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀, bíi ti télọ̀ tó ń wa máṣíìnì. Tí ọyẹ́ bá dé, pákó rẹ̀ á sán. Tí òjò bá dé, eku á wọ inú rẹ̀ lọ jẹ awọ. Bàbá mi á tú u palẹ̀, á lẹ̀ ẹ́, á rán an, á sì máa bá eku wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń jókòó tì í lápá òsì, tí mo ń ṣí ìwé orin fún un. Tí mo bá pẹ́ kí n tó ṣí i, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á bà mí níhà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa kan fún yín, torí ó máa wúlò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sẹ́ni tó ń sọ pé "Ẹ dìde." Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, bàbá mi á máa tẹ dùùrù jẹ́jẹ́, àwọn ìyá á máa kíra wọn, àwọn ọmọdé á máa jà. Ó ní dígí ọ̀kadà kan tó so mọ́ ara dùùrù, ibẹ̀ ló ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá ti yọ nínú dígí, á fa gbogbo kókó ara dùùrù síta, dùùrù á bú gbàmù, ìjọ á sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, àtàgbà àtọmọdé, àtẹni tó ń tòògbé. A kì í rò ó. Ẹsẹ̀ wa ló mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n dùùrù ńlá, èyí tó ní páìpù, bàbá mi ò fojú rí i rí. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló ti mọ̀ ọ́n. Òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Samaru ló fún un ní kásẹ́ẹ̀tì náà nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ọkẹ́sítírà ló wà nínú rẹ̀, ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó ń ta fayolíìnì tó sì ń fun fèrè, àti dùùrù onípáìpù kan tó ń dúró de àsìkò tirẹ̀. Ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bàbá mi á gbé rédíò sórí tábìlì, á ní ká panu mọ́.

Á ní, "Ẹ fara balẹ̀. Kò tíì wọlé."

Àwọn fayolíìnì á lọ, wọ́n á bọ̀. Àbúrò mi, Tọ́lá, á ti sùn sórí ẹsẹ̀ ìyá wa. Bàbá mi á wá na ìka kan sókè, á máa kà lábẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ á máa mì. Ìka yẹn á sọ̀kalẹ̀, dùùrù á sì wọlé. Kai! Rédíò kékeré yẹn á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Kò tàsé rí, kódà lọ́jọ́ tí ibà dá a dùbúlẹ̀.

Àìmọye ìgbà ni rédíò jẹ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, tí bàbá mi fi bíírò ká a padà. Ìgbà tó yá, ó já. Ó wé e sínú ìwé ìròyìn, ó fi í sínú àpótí tí ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ wà.

Nígbà tí mo fi máa kúrò nílé lọ sí ìlú òyìnbó, ìyá wa ti lọ sọ́run, àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti ra kíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì ti fi aṣọ funfun bo dùùrù bàbá mi bí ẹni bo òkú. Etí rẹ̀ náà ti ń lọ. Dókítà kan ní ọsibítù Shika sọ fún wa pé ti òsì ti parí, ti ọ̀tún ń tẹ̀lé e bọ̀. Bàbá mi ò bẹ̀ mí pé kí n ra nǹkan kan ránṣẹ́.

Ó ní, "Tó o bá débẹ̀, wá dùùrù onípáìpù yẹn. Kó o mú mi wá gbọ́ ọ, òun àti ọkẹ́sítírà, lójúkojú, kí etí yìí tó tilẹ̀kùn."

Mo ní, "Ẹ ti débẹ̀ tán, Bàbá. Kò ní pé ọdún méjì."

Ẹnu mi ò ní bíréèkì. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ó gbà mí gbọ́.

*

Iṣẹ́ ilé àwọn arúgbó ni mo rí ní England. Èmi tí mo gboyè ní Samaru, tí wọ́n ń kí ní ìkíni olóyè ní ọjọ́ tí mo jáde! Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń bọ́ wọn, mo ń pààrọ̀ aṣọ wọn. Mi ò kà á sí ìtìjú, àgbà ni àgbà níbikíbi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ṣi í ṣe. Ìyá àgbà kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo wọlé tọ̀ ọ́ lọ láàárọ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó tẹ aago, nọ́ọ̀sì méjì sì sáré wọlé pẹ̀lú àpótí oògùn.

Magirẹ́ẹ̀tì lorúkọ ìyá náà. Ó ní kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tó ìyá bàbá mi! Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo sọ ọ́ di Màmá Magirẹ́ẹ̀tì, ó sì dùn mọ́ ọn nínú, torí kò bímọ.

Òtútù ni gbogbo ayé kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa ìdákẹ́jẹ́. Ní Sabon Gari, kí ilẹ̀ tó mọ́, ládàánì á ti pe ìrun, àkùkọ á ti kọ, jẹnẹrétọ̀ Alhaji tó wà lẹ́yìn ògiri wa á ti máa ké, ìyàwó rẹ̀ á sì ti fi Hausa jágbe kí ọ káàárọ̀, "Ina kwana!" lójú fèrèsé bóyá o jí tàbí o ò jí. Níbi tí mo wá yìí, èèyàn márùn-ún la jọ ń gbé ilé kan, a sì lè lo oṣù kan láìgbọ́ ohùn ara wa. Mo kí ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn, ó yẹ̀ fún mi bí ẹni tí mo fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà mìíràn mo máa ń ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ nílé ìdáná kí nǹkan ṣáà máa dún.

Mo wá àwọn èèyàn wa lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan wà níbẹ̀, mo sì lọ. Ìyá kan bi mí pé ìlú wo ni mo ti wá. Mo ní Zaria. Ó ní rárá, ìlú wa gan-an lòun ń bèèrè. Mo ní bàbá mi ní Ọ̀ffà ni wá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo sì débẹ̀ láyé mi, ìsìnkú sì ni ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí mo tún wá ṣe "Haba, Mummy!" gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ Gàmbàrí ti dé o!" Àwọn tí mo bá ní Zaria, tí a jọ dàgbà, tí mo ń sọ èdè wọn ju tèmi lọ, Bayarabiya, ìyẹn ọmọbìnrin Yorùbá, ni wọ́n ń pè mí. Àwọn òyìnbó ní mo wá láti Áfíríkà, ó tán. Mo wá rí i pé ibì kan ṣoṣo ni wọn kì í ti í béèrè ibi tí mo ti wá, lórí bẹ́ǹṣì ìdí dùùrù ni, lápá òsì bàbá mi, pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ níhà mi.

*

Ọ̀sán Sunday kan, Màmá Magirẹ́ẹ̀tì ní òun fẹ́ lọ gbọ́ orin. Àga onítáyà la fi ń tì í kiri, ẹni tó bá sì ń ti arúgbó wọlé, wọn kì í béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n tì í lọ. Gbọ̀ngàn ńlá ni, ìjókòó pupa, àwọn èèyàn tí orí wọn funfun bí òwú, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo gbójú sókè.

Páìpù ni. Páìpù ló kún ògiri láti òkè délẹ̀, èyí tó ga bí òpó iná, èyí tí kò ju bíírò lọ, gbogbo wọn ń dán. Ọkùnrin tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jókòó nísàlẹ̀ wọn, ó kẹ́yìn sí wa, ó sì ní dígí kékeré kan níwájú rẹ̀ tó fi ń wo adarí orin. Dígí! Omi bọ́ lójú mi. Bàbá mi tí kò dé ibì kankan, tó so dígí ọ̀kadà mọ́ dùùrù ní Sabon Gari, ohun tó yẹ ló ṣe láìsẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ọkẹ́sítírà bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe orin inú kásẹ́ẹ̀tì wa lọ́jọ́ yẹn, òmíràn ni. Wọ́n ta fayolíìnì títí, ó dùn, ara mi balẹ̀, oorun sì ń gbé mi lọ díẹ̀díẹ̀. Àfi gbàmù! Dùùrù bú jáde.

Mo dìde.

Mi ò rò ó rárá. Mo dìde gán-ín, mo fa síkẹ́ẹ̀tì mi wálẹ̀, mo tún kọjú sí ẹnu ọ̀nà pé kí n wo ẹgbẹ́ akọrin tó ń bọ̀. Kò sí ẹgbẹ́ akọrin kankan tó ń bọ̀. Nínú gbogbo èrò yẹn, èmi nìkan ni mo dúró. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi ń ṣe "ṣììì" bí ẹni ń lé adìẹ.

Màmá Magirẹ́ẹ̀tì fa síkẹ́ẹ̀tì mi. Ó ní, "Jókòó, ọmọ mi. Wọn kì í dìde níbí."

Mo jókòó. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tí mo pe bàbá mi tí mo sọ fún un, ó ní kí n tún un sọ, torí etí. Mo fi ariwo tún un sọ, àwọn ará ilé wa kan ògiri.

Ó ní, "Ìwọ nìkan?"

Mo ní, "Èmi nìkan, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní, "O káre, ọmọ mi. O ò dójú tì mí. Àwọn tó jókòó yẹn ni wọn ò mọ̀wà hù." Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé ẹsẹ̀ náà ń tẹ̀ ẹ́? Ṣé èyí tó tóbi jù nínú àwọn páìpù yẹn, ṣé ohùn rẹ̀ ń wọni lára lóòótọ́, bí ìwé ṣe wí?

Mo ní, "Àyà ni mo fi gbọ́ ọ, Bàbá. Ó ń mi ìjókòó."

Ó ní, "Á jẹ́ pé èmi náà ṣì lè gbọ́ ọ nìyẹn."

*

Inú ìwé tí wọ́n pín fún wa ní gbọ̀ngàn ni mo ti rí i pé wọ́n máa kọ orin inú kásẹ́ẹ̀tì bàbá mi lọ́dún tó ń bọ̀. Mo mọ orúkọ rẹ̀, torí òyìnbó Samaru yẹn ti kọ ọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn bíi kí n fò. A kọ̀wé físà fún bàbá mi. Tọ́lá tì í lẹ́yìn lọ gbogbo ibi tí wọ́n ní kó lọ, wọ́n tẹ ìka rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ó ra bàtà tuntun.

Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kò sí ohun tó fi hàn pé á padà sílé. Bàbá mi! Ẹni tí kì í sun ìta Zaria ju ọjọ́ méjì lọ kó tó máa béèrè ọ̀nà ilé! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tọ́lá ka lẹ́tà náà sí i létí. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, bàbá mi bi í pé, "Kí ni wọ́n rò pé mo fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?" Ó bọ́ bàtà náà, ó ní kó gbé e padà sínú páálí rẹ̀.

Mo ní kí bàbá mi má ṣèyọnu, n óò gba orin náà sílẹ̀ sínú fóònù, n óò fi ránṣẹ́. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ó ní, "Ìyẹn ò yàtọ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì. Orin tó ti kọjá lọ ni. Mo ti gbọ́ ìyẹn tó. Èyí tó ń jáde lẹ́nu páìpù lọ́wọ́ ni mo fẹ́, kí èmi àtìwọ jọ gbọ́ ọ nígbà kan náà. Pè mí láti ibẹ̀."

Wọn ò gbà kéèyàn tan fóònù ní gbọ̀ngàn yẹn. Mo sọ ìṣòro mi fún Màmá Magirẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní, "Tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì mi. Ta ló máa tú arúgbó wò?"

Ní Zaria, gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Tọ́lá lọ fi iná sólà ìyàwó Alhaji ṣáàjì fóònù. Alhaji fúnra rẹ̀ pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó sì pa tẹlifíṣọ̀n tó ń wò mọ́ ọn, ó ní Baba Mai Fiyano fẹ́ gbọ́ nǹkan. Wọ́n mú bàbá mi wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ti fèrèsé. Ó wọ bàtà tuntun yẹn. Tọ́lá di fóònù mọ́ etí ọ̀tún rẹ̀.

Èmi náà jókòó sí England, ọwọ́ mi wà lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì Màmá Magirẹ́ẹ̀tì, mo di fóònù mú bí ẹni di ẹyin. Fayolíìnì lọ, fayolíìnì bọ̀. Mo na ìka mi sókè, mo ń kà á. Mo mọ̀ pé ìka kejì wà lókè ní Zaria. Ìka mi sọ̀kalẹ̀, dùùrù sì wọlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè sọ ọ́. Ìjókòó mì, ilẹ̀ mì, orúnkún Màmá Magirẹ́ẹ̀tì mì lábẹ́ ọwọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ dìde, fóònù nìkan ni kò jẹ́ kí n dìde. Mo sunkún bí ọmọdé.

Bí a ṣe jáde, mo pe Tọ́lá, mo ní kó gbé fóònù fún bàbá wa.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ."

Mo ní, "Ibi tó ti wọlé ńkọ́?"

Ó ní, "Ó wọlé síbi tó yẹ kó wọlé. Kò tàsé. O ṣé, ọmọ mi. Olúwa á gbé ẹni tó máa ṣe irú rẹ̀ fún ọ dìde."

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo jẹ lérè ní ìlú òyìnbó, ọjọ́ yẹn ni mo máa ń tọ́ka sí. Mo ti àga Màmá Magirẹ́ẹ̀tì gba inú òjò délé, a ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró gbọ́. Mo sọ fún Kofi, ọmọ Ghana tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ronú pé mo ti san ẹ̀jẹ́ mi. Fún bí oṣù mẹ́jọ, mo ń rìn ní ìlú yẹn bí ẹni tó ní ìdí tó fi wà níbẹ̀.

*

Bàbá mi kú nígbà ọyẹ́. Àyà ló dùn ún láàárọ̀, wọ́n gbé e dé Shika, kò pẹ́.

Mi ò lè lọ sin ín. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba, tí mo bá jáde mi ò ní lè wọlé mọ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn kan ní kí n lọ kí n má padà. Wọn ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń san fún mi níbí ni mo fi ń tọ́jú ọmọ Tọ́lá méjèèjì níléèwé. Mo jókòó sí yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú áfúrọ́ọ̀nù iṣẹ́ lọ́rùn mi, mo ń wo ìsìnkú bàbá mi nínú fóònù. Mo rí pósí. Mo gbọ́ àlùfáà, mo gbọ́ Tọ́lá tó ń ké, mo gbọ́ orin lẹ́nu ìjọ. Mi ò gbọ́ dùùrù. Wọ́n kọrin lásán. Inú bí mi, mo gbé àwọn ọ̀dọ́ oníkíbọ́ọ̀dù yẹn ṣépè. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ dùùrù fún wọn, kò yẹ kẹ́nì kan tẹ̀ ẹ́ fún òun náà lẹ́ẹ̀kan?

Ọjọ́ kejì, mo bi Tọ́lá. Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sin Bàbá láìsí dùùrù?"

Ó ní, "Láìsí dùùrù bíi ti báwo? Sista mi, wọ́n ká aṣọ kúrò lórí dùùrù Bàbá gan-an! Bàbá kan wá láti Wusasa wá tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dìde. Àwọn Alhaji tó dúró síta náà gbọ́ ọ."

Mo ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Orin ẹnu nìkan ni mo gbọ́."

Mo gbọ́ tí Tọ́lá dìde, tó lọ ti ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Tọ́lá?"

Ó ní, "Sista mi, ẹ má bínú. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún wa lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ pe Bàbá láti ilé orin. Fayolíìnì yẹn, à ń gbọ́ ọ, ó ń já, ó ń so. Bàbá na ìka sókè, wọ́n ń kà á. Bí ìka wọn ṣe sọ̀kalẹ̀, fóònù dákẹ́ rọ́rọ́. A gbọ́ ikọ́ ẹnì kan. Lẹ́yìn náà a gbọ́ àtẹ́wọ́. Mo rò pé etí Bàbá ni, mo gbé e sétí ara mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ ti ṣe wàhálà jù."

Bàbá mi tó máa ń nà wá bí ajá tá a bá purọ́ lórí ẹran ìkòkò, òun ló purọ́ yẹn fún mi, pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kofi ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó mọ̀ nípa fóònù. Ó ní wọ́n ti ṣe fóònù báyìí kó lè máa fi ohùn èèyàn sílẹ̀ kó sì máa yọ ariwo kúrò. Ohun tó bá ń dún lọ gbọọrọ láìdánu dúró, bíi fáànù, bíi jẹnẹrétọ̀, á kà á sí ìdíwọ́, á pa á. Ikọ́ á kọjá, àtẹ́wọ́ á kọjá. Alhaji pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ nítorí bàbá mi, fóònù sì ṣe dùùrù onípáìpù bí ẹni pé òun ni jẹnẹrétọ̀. Kofi ní ibì kan wà téèyàn ń tẹ̀ tí kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn mí. Ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Ó dùn mí. Ó ń dùn mí síbẹ̀, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ fi bò ó mọ́lẹ̀. Ǹ bá ti béèrè lọ́wọ́ Kofi ṣáájú. Ǹ bá ti fi fóònù gbìyànjú ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí ọjọ́ náà tó pé. Ìlérí kan ni bàbá mi gbà lọ́wọ́ mi, ìdákẹ́jẹ́ ni mo fi san án. Èmi náà wá gba tèmi. Tọ́lá ní bàbá tó wá láti Wusasa yẹn sọ pé eku ti jẹ awọ inú dùùrù náà tán, kò tún lè dún mọ́ láé. Ìgbà ìkẹyìn tó dún nìyẹn, lórí pósí bàbá mi. Orin ẹnu àwọn èèyàn ni mo gbọ́.

*

Sunday tó kọjá, mo tún ti Màmá Magirẹ́ẹ̀tì lọ sí gbọ̀ngàn. Ó ti ń gbàgbé nǹkan, ó lè pe orúkọ mi mọ́ ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ọjọ́ orin. Orin kásẹ́ẹ̀tì wa ni wọ́n tún kọ. Mo fẹ́ sá jáde nígbà tí mo rí orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́lòmíràn tó máa ti àga.

Fayolíìnì lọ, fayolíìnì bọ̀. Mo na ìka mi sókè, mo kà á bí bàbá mi ṣe ń kà á. Ìka mi sọ̀kalẹ̀, dùùrù wọlé, gbogbo páìpù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wọ àyà mi, ó mi ìjókòó. Mo dúró de ẹsẹ̀ mi kó gbé mi dìde. Kò mira. Mo wò ó nílẹ̀ níbẹ̀, nínú bàtà iṣẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Màmá Magirẹ́ẹ̀tì na ọwọ́ láti fa síkẹ́ẹ̀tì mi. Ọwọ́ rẹ̀ bá mi lórí ìjókòó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra gbá mi lórúnkún.

Ó ní, "O ti wá mọ̀ ọ́n ṣe bíi tiwa."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."